Oúnjẹ Bátìrì

Kí Oyègòkè tó tú okùn ọkọ̀,
mítà ló kọ́kọ́ máa ń bẹ̀ wò,
bí ìyá tí ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ọmọ.
"Ogójì nínú ọgọ́rùn-ún," ló wí láàárọ̀ yìí.
Ebi ń pa wọ́n, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin abẹ́ pákó,
dúdú, onígun mẹ́rin, wọn kì í sunkún.

Èmi ni mò ń nu páńẹ́lì.
Eruku ọyẹ́ ti tẹ́ ẹní sórí ẹ̀,
lékèélékèé kan sì ti fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì.
Mo bu omi Ẹlẹ́yẹlé, mo fi àkísà fọ̀ ọ́,
òòrùn bá wọlé láì kanlẹ̀kùn.

Ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí,
ọkọ̀ onígbòkun n'Ìbàdàn, níbi tí òkun ò sí!
Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ n'Íjokòdó rẹ́rìn-ín títí,
wọ́n ní ó kù kó ra ìdákọ̀ró fún màrúwá.
Kò fèsì. Ogún ọdún ló fi tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Ògùnpa,
etí ọ̀tún ẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́.
Ó ní òun ń wá ẹ́ńjìnnì tí kì í pariwo
kó tó kan ti òsì.

Nígbà tí oòrùn yẹ àtàrí, ó ti pé márùndínláàádọ́rùn-ún.
A ti ń múra àtilọ ká àwọ̀n
nígbà tí nọ́ọ̀sì Fádérera sáré dé etí omi,
bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́:
"Iná ti lọ láti ìjẹta. Obìnrin kan ń rọbí."
Oyègòkè mú sípánà. Ó tú ọ̀kan nínú mẹ́rin,
ó gbé e lé èjìká, ó gòkè lọ.

Mẹ́ta ò lè yí mọ́tò.
Ìgbòkun la ta, àpò ìyẹ̀fun mọ́kànlá tí a rán pọ̀,
afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ sì kún un bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó ń fẹ ẹ̀kọ gbígbóná.
Jẹ́jẹ́ la ń lọ.
Abẹ̀bẹ̀ ìdí ọkọ̀ ń dá yí nínú omi,
ó ń san gbèsè fún mẹ́ta tó kù,
kọ́bọ̀ kọ́bọ̀.
Títí a fi dé ibi àwọ̀n, mítà ò fi ju ẹyọ kan lé e.

Ilẹ̀ ṣú. Fèrèsé kan ṣoṣo ló funfun lókè ọ̀hún.
Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó fọwọ́ bò mí lẹ́nu,
ó yí etí òsì sí èbúté.
Èmi ò gbọ́ nǹkan kan.
Ó ní òun gbọ́.