Ìwé Tí Ò Léèpo

Láàárọ̀, pákó ni mo ń kà.
Ìrókò méjìlá, afàrà mọ́kànlélógún,
arère tí ikán ti tọ́ wò létí,
mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ọ̀gá
nílé ìlagi l'Átìkòrí, n'Íjẹ̀bú-Igbó.
Ẹ̀rọ a máa ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè,
ìyẹ̀fun igi a kún mi nípenpéjú;
bí mo bá sín, pupa ló ń jáde.

Lálẹ́, Múlíkátù Ṣóyẹmí á bọ́ aṣọ iṣẹ́,
Àwẹ̀ró Oyinmọmọ á jókòó sórí ẹní,
fóònù lórí orúnkún,
ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ò ju ti tanná-tanná lọ,
nítorí iná ìjọba kì í dé ṣáájú aago méjì òru.

Ẹ má bi mí bóyá mo mọ ìfẹ́.
Mo mọ iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìfẹnukonu:
ọgọ́rin, bí òǹkàwé bá ń kánjú,
igba, bó bá jẹ́ alẹ́ ìgbéyàwó.
Mo mọ̀ pé orí kẹta ni kí ìjà ti bẹ́,
pé ìyá ọkọ ò gbọdọ̀ kú láìtọrọ àforíjì.
Ọ̀ọ́dúnrún náírà ni ìwé kan.
Ẹni tó bá sanwó, mo fi ránṣẹ́ sí i:
kò léèpo, kò lẹ́yìn,
èèyàn ò lè fi pọ́n ẹ̀pà.

Ẹnì kan kọ̀wé sí mi láti Ṣágámù
láago mẹ́rin ìdájí:
"Àǹtí Àwẹ̀ró, ẹ jọ̀ọ́, mo fi ọmọ mi bẹ̀ yín,
ẹ má jẹ́ kí Múyìwá fẹ́ ọmọ kọmíṣọ́nnà."
Mo pa ojú ìwé mẹ́rìnlá rẹ́ nítorí rẹ̀.
Oorun tì mí títí di ọ̀sán,
mo ṣi afàrà kà,
ọ̀gá yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún náírà lówó oṣù mi.
Ìwé mẹ́ta nìyẹn.
Ọmọ Ṣágámù ò sì tíì sanwó ẹyọ kan.

Àwọn olè náà wà, kí n má purọ́.
Ẹnì kan á ra ẹyọ kan, á pín in fún igba èèyàn
kí omi orí iná mi tó hó.
Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé ọwọ́ Àǹtí Sífáwù,
àbúrò bàbá mi, l'Ójówò.
Ó pè mí lọ́jọ́ Àìkú: "Wá jókòó,
kí n ka nǹkan dídùn sí ọ létí."
Ó wọ awò ojú tó fi òwú so létí kan,
ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé mi fún mi.

Orí keje ni. Ọkùnrin tó gun ọkọ̀ agbégẹdú lọ sí Ọ̀rẹ̀
lọ́dún tí omi gbé afárá lọ.
Nínú ìwé, ó padà dé.
Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà,
ó bèèrè bóyá oúnjẹ ṣì kù.
Èmi ni mo mú un padà.
L'Ójówò, kò sẹ́ni tó mú un padà:
àwo rẹ̀ ṣì wà lórí pẹpẹ, ó dojú délẹ̀,
ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ohùn Àǹtí dúró.
Eṣinṣin kan rìn kọjá lójú fóònù.
"Irọ́ ni," ó ní. "Ọkùnrin tó bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀
ò níí bèèrè oúnjẹ.
Omi ló máa kọ́kọ́ bèèrè."
Mo ń wo ìyẹ̀fun pupa tó há sí mi léèékánná.
"Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ eléyìí," ó ní,
"ó mọ ọ̀nà ilé wa."
Kò wojú mi.
Ó fi àtàǹpàkò fa ọ̀rọ̀ náà wálẹ̀,
ó tún un kà láti ibi báàgì.

Lóru ọjọ́ yẹn, iná dé láago kan.
Mo ṣí orí keje.
Mo pa oúnjẹ rẹ́.
Mo kọ omi.