Ìbéèrè Kẹrin

Bàbá mi jókòó sórí àpótí bíà, ó kọjú sí mi,
ó de táì mọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì,
ó ní òun ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ lálẹ́ òní.
Láti ìrọ̀lẹ́ ni NẸ́PÀ ti mú iná lọ ní Ìtòkò;
tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ ń tàn sí mi lójú
bí ẹni pé olè ni wọ́n mú.

"Tẹ́lì mí àbáòtì yọ̀ọ̀sẹ́fù."
Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi gé tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè ní Láfẹ́nwá;
gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣì ń rìn lórí irin,
kì í yà, kì í dúró gbé èrò lọ́nà.

Mo ní orúkọ mi ni Ìyùnadé Ṣówùnmí,
mo ní háàdìwọ́kìn ni mí.
Ó ní kí n mí sí "há" yẹn dáadáa,
bí n kò bá mí sí i, àdín ni wọ́n máa gbọ́,
wọn á ṣe bí òróró ni mo wá kiri.

Ẹnu mi wúwo.
Nílé wa, ẹlòmíràn ló ń kì mí:
ìyá àgbà ló ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́ láàárọ̀,
tó ń to àwọn baba mi lé mi lórí bí ẹrù igi.
Ta ló bọ́ síta rí ní kùtùkùtù
tó dúró tó ń ki ara rẹ̀?

Ìkejì: níbo lo máa wà ní ọdún márùn-ún òní?
"Bí Ọlọ́run bá…"
Ó gbá àpótí. "Wọn ò bi Ọlọ́run. Ìwọ ni wọ́n bi."
Ọdún márùn-ún òní,
bóyá màá ti pààrọ̀ páànù ilé yìí tó ti dógùn-ún.
Ṣé ìyẹn ṣe é sọ níwájú ẹni tó wọ kóòtù?

Ìkẹta ni àléébù mi.
Látúnjí ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́ mi: sọ pé o máa ń ṣiṣẹ́ jù,
gbogbo ayé ló ń sọ ọ́, wọn á kàn mi orí.
Mo sọ ọ́. Bàbá ò mi orí.
"Ẹni tó ní òun kúrú,
tó wá ń fọwọ́ kan àjà!"

Ìkẹrin: kí ló dé tí o fi iṣẹ́ àtijọ́ sílẹ̀?

Ibẹ̀ ni ìwé mi ti ṣófo.
Mo lè ní ìlọsíwájú ni mò ń wá;
mo ti há a sórí, ó ń yọ̀ lẹ́nu bí ọṣẹ.
Ṣùgbọ́n ẹ pa tọ́ọ̀ṣì yẹn ná, Bàbá.
Ọjọ́ Ẹtì kan ni wọ́n rán mi lọ sí Ìtọ́kú
kí n gba owó èlé lọ́wọ́ aláró kan tí ọkọ rẹ̀ kú.
Mo bá a nídìí ìkòkò, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá.
Kò bẹ̀ mí. Kò sunkún.
Ó fi ìṣẹ́tí ìró nu àga kan,
ó ní, "Jókòó, ọ̀nà jìn."
Mo jókòó. Mo mu omi rẹ̀.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé n kò bá ẹnikẹ́ni nílé.
Nígbà tó fi di ọjọ́ Ajé, ọ̀gá ti mọ̀.

Bàbá dákẹ́. Ajá kan ń gbó lápá Àdátán.
Ó tú táì, ó wá fi Yorùbá sọ ọ́, jẹ́jẹ́:
"Lọ́dún tí a bí ọ, mo jẹ́ kí aboyún kan wọ rélùwéè
láìgba tíkẹ́ẹ̀tì.
N kò sọ fún ìyá rẹ pàápàá."

Ó tún táì de.
"Ó yá. Ìbéèrè kẹrin. Ní gẹ̀ẹ́sì."

A wá a, a wá a,
gẹ̀ẹ́sì tó lè gba àga tí obìnrin yẹn nù,
títí bátìrì fóònù fi kú.
N kò mọ ohun tí màá sọ
l'Ókè-Ìlẹ̀wọ̀ láago mẹ́sàn-án.
Ṣùgbọ́n mo ti lè mí sí "há" yẹn.