Ọjọ́ Ń Ṣẹ́jú

Ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún náírà ni mo ra kámẹ́rà náà
lọ́wọ́ Káfílátù tó ń ta àlòkù ní Tákíè.
Ìdérí bátìrì rẹ̀ ti sọnù; rọ́bà ni mo fi dè é.
Igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kọjá agbára mi,
mo bu iyanrìn sínú àpò gààrí,
mo tẹ́ kámẹ́rà lé e bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ,
ní fàráńdà òkè ilé wa ní Ìjẹrù, Ògbómọ̀ṣọ́,
mo dojú rẹ̀ kọ àwọn páànù tó ti dógùn-ún
tí ọyẹ́ ń bù lé lórí bí eérú.

Mo ní kó máa ya àwòrán kan
ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá:
kí àáyá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹwàá,
kí kámẹ́rà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan.
Wákàtí méjì.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin àwòrán ó lé ogún.
Mo tò wọ́n pọ̀, ó di ìran ìgbà díẹ̀,
ọjọ́ sì ń ṣẹ́jú.
Ó mọ́lẹ̀, ó ṣú, ó mọ́lẹ̀, ó ṣú,
bí ẹni pé ọmọ aláìgbọràn kan
ń fi ìtanná ọ̀run ṣeré.
Mo bú àwọsánmà. Mo bú ọyẹ́.
Mo tilẹ̀ bú àwọn oníná,
àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Bàbá àgbà wò ó.
Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún wọn ni.
Wọ́n ní, "Ojú ta ló ń dùn ún?
Ẹni tí ojú ń dùn níí ṣẹ́jú báyìí."

Ojú ta?
Mo padà sídìí ẹ̀rọ.
Èmi ni mo fi í sílẹ̀ kó máa dá pinnu.
Aṣọ funfun fẹ́ lórí okùn, ó dín ìmọ́lẹ̀ kù;
ewúrẹ́ dúdú kọjá, ó fi kún un;
àwòrán kan, èrò kan.
Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.
Mo so ìmọ́lẹ̀ mọ́lẹ̀, mo so àwọ̀ mọ́lẹ̀.
Síbẹ̀ ó ṣì ń gbọ̀n díẹ̀,
torí ilẹ̀kùn kékeré inú lẹ́ńsì
kì í ṣí dé ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì.
Mo yí lẹ́ńsì díẹ̀, bí ẹni fẹ́ yọ ọ́ tí kò yọ ọ́,
ilẹ̀kùn bá dúró sójú kan.
Kò ná mi ní kọ́bọ̀.

Sùbérù ajórin fún mi ní àfọ́kù gíláàsì ìbòjú rẹ̀.
Mo fi rọ́bà dè é mọ́ iwájú lẹ́ńsì
kí ojú ẹ̀rọ lè là pẹ́ nínú oòrùn.
Gbogbo àdúgbò di àwọ̀ ewé, bí ìsàlẹ̀ odò.
Òru méjì ni mo fi fọ ewé náà kúrò
nínú kọ̀ǹpútà Adéṣọlá, tí kò lè dá dúró láìsí wáyà.

Ní ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta, kò ṣẹ́jú mọ́.
Òjìji páànù ń rákò gba ojú títì,
ọ̀kadà di òwú, àwọn ọmọ iléèwé di èéfín,
ẹni tó ń sáré kò sí nínú rẹ̀ rárá.
Ṣùgbọ́n ní igun ìsàlẹ̀, lábẹ́ máńgòrò,
Bàbá jókòó lórí àga wọn, wọ́n hàn kedere,
láti àwòrán kìn-ín-ní dé òpin.

Wọ́n ní, "Mo dìde lọ mumi níjọ́sí.
Mo kí ìyá Oyèfúnkẹ́. Mo lé ewúrẹ́. Ibo ló wà?"
Mo ní, "Ó bọ́ sáàárín, Bàbá."
Sáàárín kí ni, wọn ò bi mí.
Wọ́n ní kí n tún un fi hàn.
Mo tún un fi hàn. Wọ́n ní lẹ́ẹ̀kan sí i.
Wọ́n tẹjú mọ́ ọn, wọn ò ṣẹ́jú,
omi ń dà lójú ọ̀tún wọn.
Dókítà ní ká máa kán oògùn sí i ní agogo mẹ́fà.
Agogo mẹ́fà ti kọjá.