Abẹ Kò Mọ Ẹni Tó Ni Ín

Wásílì ló tà á fún mi, dọ́là mẹ́rìnlá,
lọ́jọ́ tó ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ ní Òpópónà Selkirk.
Ogójì ọdún ló fi fá àgbọ̀n àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè Winnipeg;
ọwọ́ náà ti ń gbọ̀n báyìí
bí ewé kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù lórí igi.
Ó ní, "Kó dùbúlẹ̀ díẹ̀, kó má nàró, kó má sì sùn.
Má tẹ̀ ẹ́. Ìwúwo ara rẹ̀ ti tó o.
Ẹni tó bá tẹ abẹ, níwájú dígí ni yóò tẹ́ sí."

Mo gbọ́. Gbígbọ́ kọ́ ni mímọ̀.

Ọjọ́ kẹta ni mo tó láyà láti ṣí i.
Níta, òtútù ti wọ ọgbọ̀n lábẹ́ òdo,
nínú ilé ìwẹ̀, dígí ń làágùn.
Mo fi aṣọ gbígbóná bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí irùn fi rọ̀,
mo po ọṣẹ títí ó fi hó yeye bí ẹmu àárọ̀.
Bàbá mi ní irú abẹ yìí, nínú àpò awọ, lókè àjà.
Kì í jẹ́ kí a sún mọ́ ọn. A máa wí pé,
"Abẹ kò mọ ẹni tó ni ín."
Mo rò pé òwe ni.
Ìròyìn ni.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún lọ geere, inú mi dùn,
inú dídùn yẹn gan-an ló pa mí lára:
mo gbàgbé láti fa awọ ara le,
mo yí igun àgbọ̀n bí ẹni ń sáré wakọ̀ lórí yìnyín,
fìrì!
Ẹ̀jẹ̀ kò tilẹ̀ kánjú. Ó kọ́kọ́ yọjú wò mí,
pupa bíńtín láàrin ọṣẹ funfun,
kó tó pinnu pé òun ń bọ̀.
Fìkáyọ̀mí wà lẹ́nu ọ̀nà:
"Dádì, ta ni ẹ̀ ń bá jà?"

Mo lọ bá Wásílì, bébà mẹ́ta lẹ̀ mọ́ mi lágbọ̀n.
Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́.
Ó ní, "Ibi tí irùn bá kọrí sí ni kí o bá a lọ."
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n irùn tirẹ̀ nà bí àlìkámà inú oko;
tèmi ká, ó ń pẹ̀yìn dà, ó ń padà sílé,
lábẹ́ gògóńgò ó ń pòòyì bí omi tó fẹ́ wọ ihò.
Kò sí ẹni tó lè ya máàpù yẹn fún mi.

Mo gbé abẹ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.
Nínú àgọ́ tí mo ti ń ṣọ́de lóru, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin,
mo di ojú, mo fi ìka ka ọrùn ara mi:
níbí, wọ́n kọjú sí etí;
níbí, wọ́n kọjú sí àyà;
níbí yìí, wọn ò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni.
Wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí.
Èmi tí mo lorí yìí, níbo ni mo wà
láti ọdún mẹ́tàlélógójì?

Àárọ̀ tí a lọ búra di ọmọ Kánádà, mo tún fá a,
jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń sùn.
Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀, bí iyanrìn lábẹ́ bàtà;
tó bá dákẹ́, èmi náà a dúró.
Ojú kan péré ló ṣẹ̀jẹ̀, lábẹ́ etí,
nígbà tí Fìkáyọ̀mí gbá ilẹ̀kùn pé a ti pẹ́.
Nínú fọ́tò, adájọ́ ń rẹ́rìn-ín, ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín,
èmi na ọwọ́ ọ̀tún sókè,
bébà kékeré kan sì wà lábẹ́ etí mi
bí sítáǹbù lẹ́tà tí wọn ò tíì lu òǹtẹ̀ lé.

Wásílì wo fọ́tò náà pẹ́.
Ó ní kí n wá fá tòun ní Sátidé.
Mo wo ọrùn rẹ̀, bó ṣe hunjọ bí aṣọ tí a kò lọ̀.
Mo ní, ó di ìgbà ooru.
Ó ní kò burú,
irùn a máa dúró de ni.