Ìṣẹ́jú

Ọmọ Ìdànrè ni mí, ẹ má fi òkè dẹ́rù bà mí.
Ṣùgbọ́n òkè tiwa, àpáta ni, orí rẹ̀ pá,
ó jókòó sáàárín ilé bí bàbá àgbà tó ṣí fìlà.
Òkè Máńbílà kì í jókòó.
Ó ń lọ ni, koríko ara rẹ̀ ń lọ,
òkè ń ti òkè níwájú títí wọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù,
kò sí igi tí èèyàn lè fi ojú dì mú.

Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Gẹ́ńbù, fọ́tò pélébé ni mò ń yà.
Gbé àgbọ̀n sókè. Má rẹ́rìn-ín. Ó tán.
Aṣọ funfun kan náà lẹ́yìn akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́yìn darandaran,
lẹ́yìn ìyá tó fẹ́ gba ìwé ìrìnnà lọ Mẹ́kà,
ọdún mọ́kànlá.
Mo ti ya ìlú tán lójú lójú,
n kò tíì ya ohun tí ìlú gbé ẹ̀yìn tì.

Ni mo bá bẹ Gìdádò, ọmọ Fúlàní tó ń gbé wàrà wá fún wa,
pé kó mú mi lọ síbi tí oòrùn ti ń dágbére.
Ó wo bàtà mi, ó wo ikùn mi,
ó ní, "Ẹ jẹun yó kí á tó lọ o."

Ọjọ́ kìíní, kùrukùru dé kí n tó yọ kámẹ́rà nínú àpò,
ó bo ayé bí ẹ̀kọ tó hó dànù lórí iná.
A gbọ́ ohùn màlúù, a ò rí màlúù.
Ọjọ́ kejì, ìmọ́lẹ̀ dé lóòótọ́.
Lẹ́ńsì ni mò ń pààrọ̀,
mò ń fẹ́ ẹ, mò ń nù ún, bí ẹni ń wọṣọ fún ìyàwó;
nígbà tí mo gbé ojú sókè, ọkọ ti lọ.

Ọjọ́ kẹta, òtútù.
Òtútù ibí a máa wọ inú irin.
Kámẹ́rà tan pupa lẹ́ẹ̀kan, ó kú.
Mo gbọ̀n ọ́n. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bú ẹni tó tà á fún mi ní Jàlíńgò.
Gìdádò na ọwọ́, ó gba bátìrì,
ó fi há abíyá, ó di búláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ra,
ó sàba lé e bí àgbébọ̀ tó ní ẹyin kan ṣoṣo.

Ìgbà yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀.
Koríko tó ti ń ṣe ewé láti àárọ̀ di idẹ.
Òjìji màlúù kan gùn kọjá àfonífojì, ó lọ kan òkè kejì.
Èmi dúró, irin tútù lọ́rùn mi,
òkùnkùn ń kún bọ̀ láti ìsàlẹ̀ bí omi,
ó mu òkè dé orúnkún,
ó mu ún dé ìbàdí.

Ìṣẹ́jú là ń pè é, àṣé ojú ló ń ṣẹ́.
Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ti ní láti gun ibì kan rí
ní ìrọ̀lẹ́, láìní ohun tó máa fi mú un.

"Ó ti gbóná," Gìdádò wí.
Bátìrì ń rùn bí wàrà, bí èéfín, bí òógùn.
Mo kì í bọnú. Kámẹ́rà lajú.
Òkùnkùn ti mu òkè dé ọrùn.
"Ẹ wò ó, ọ̀hún yẹn!"
Kámẹ́rà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó tún kú,
àwa méjèèjì dákẹ́, à ń gbọ́ bí màlúù ṣe ń jẹ àpọ̀jẹ.

Ó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù báyìí.
Òkè ò sí níbẹ̀, dúdú lásán ni.
Ọwọ́ kan ló yọ láti ìgun, tó ń tọ́ka sí nǹkan,
ìka rẹ̀ pọ́n bíi wúrà dé ọrùn ọwọ́.
Àwọn oníbàárà a wò ó, wọ́n a wò mí:
"Onífọ́tò, ẹ gé ẹni yìí lórí."
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Mo ní gbé àgbọ̀n sókè. Má rẹ́rìn-ín.