Ìwé Ẹ̀sùn Òórùn

Aago mẹ́rin ìdájí, tẹlifóònù ké.
Mo ti mọ ẹni tó ń pè kí n tó gbé e:
Kinuyo, arúgbó tó wà lẹ́yìn ògiri wa,
nínú ilé onígi tí iyọ̀ òkun Japáàn ti jẹ lójú.
"Ó tún ti dé," ni kìkì ohun tó máa ń wí.
Èmi a fa ìwé ẹ̀sùn yọ, n ó kọ ọ́ sílẹ̀:
ọjọ́, aago, ibi tí afẹ́fẹ́ kọrí sí.
Irú òórùn wo? Ẹyin òbu.
Ó le tó báwo? "Ó tó ohun tó ń jí èèyàn."

Gbogbo ìlú ló ń ṣu, gbogbo ìlú ló ń fọ ìkòkò;
wọ́n á tẹ bọ́tìnì, omi á ṣàn lọ, ọ̀rọ̀ bùṣe.
Ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.
Àwa la wà nídìí páìpù.

A ti fi ìdérí bo àwọn adágún ẹ̀gbin,
fáànù ń fa èémí abẹ́ wọn
gba inú páìpù tó sanra jù mí lọ
lọ sábẹ́ òkìtì èèpo igi,
níbi tí àwọn kòkòrò tójú ò rí ti ń fi òórùn ṣe oúnjẹ.
Èèpo gbẹ, wọ́n kú. Èèpo rin jù, wọ́n rì.
Láràárọ̀ ni mo ń fọwọ́ kàn án wò
bí ẹni ń wo orí ọmọ tí ibà ń ṣe.

Ọ̀gá Hatakeda gbé ẹ̀rọ ka-òórùn dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.
Òdo.
Ó gbọn ẹ̀rọ náà. Òdo.
"Ọjọ́ orí ni," ó wí, ó sì ká wáyà rẹ̀.
Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í gbọ́ òórùn; kíkà ló ń kà.
Imú ló ń gbọ́.

Ni ìjọba ìlú bá ní ká ṣa imú mẹ́fà jọ.
Ẹ má mu kọfí, ẹ má jẹ áyù, ẹ má fín lọ́fínńdà.
Kinuyo yọ̀ǹda ara rẹ̀,
ó wọ ẹ̀wù tí ó fi omi lásán fọ̀.
Àpò mẹ́ta níwájú ẹni kọ̀ọ̀kan:
afẹ́fẹ́ mímọ́ ló wà nínú méjì,
ìkẹta ní ẹ̀kán afẹ́fẹ́ tiwa.
Èwo ni?
A ń là á, a tún ń là á, bí ẹni ń bu omi la ọtí,
imú ń já bọ́ bí ewé.
Apẹja kan forí tì í títí, ó ní òun ò mọ̀ mọ́.
Ó ku Kinuyo.

Ó gbé àpò kejì símú, kò sọ̀rọ̀.
Ó pẹ́. Ó pẹ́ débi tí a fi rò pé ó ti sùn.
"Màmá?"
"Èkejì ni.
Tokuzo ọkọ mi rèé.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ro ẹrẹ̀ níbí
nígbà tí adágún yín ò ní ìdérí.
Á wẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra ara,
eléyìí á ṣì kù lẹ́yìn etí rẹ̀.
Èmi ò fẹjọ́ yín sùn rí.
Mo ní ó tún ti dé.
Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀sùn."

Hatakeda wo ilẹ̀. Wáyà ọwọ́ rẹ̀ tú.

A rí i lọ́jọ́ kejì: oríkèé páìpù kan,
ó là, kò fẹ̀ ju èékánná lọ.
Mo lọ bá a, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà,
mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ tọrọ.
Ó ń ha ìpẹ́ ẹja.
"Ẹ dí i," ó wí, kò gbójú sókè.
"Àwọn ọmọ iléèwé ń gba ibẹ̀ kọjá."

Ọjọ́bọ̀ ni mo dí i, mo fi rọ́bà wé e lẹ́ẹ̀mejì.
Òru yẹn mo jókòó ti tẹlifóònù.
Aago mẹ́rin lù. Afẹ́fẹ́ ń ti òkun bọ̀.
Mo ṣí ìwé, mo kọ ọjọ́, mo kọ aago.
Níbi tí wọ́n ti ń kọ irú òórùn,
mo kọ: kò dé.