Ilé Tó Bá Wa Lọ Sóko

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi wọn ilẹ̀ onílẹ̀.
Mo na ṣéènì láti Mọ́níyà títí dé Èrúwà,
mo sùn sábẹ́ tàpólì, òjò ń bá mi pín ẹní.
Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì jàjà wọlé,
Fẹ̀hìntọlá ní, "Kí la fẹ́ fi ṣe?"
Mo ní, "Ilé ni."
Ó wo ògiri wa ní Òkè Àrẹ̀mọ, ó wo ojú mi.
"Ilé ẹlẹ́sẹ̀ táyà," ni mo wí,
"èyí tí ọkọ̀ yóò máa fà kiri.
Ṣebí bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e."

Ẹ̀rín tó rín, aládùúgbò mẹ́ta ló yọjú.

Lásísì mẹkáníìkì mú mi dé ọgbà kan lẹ́yìn Ìwó Róòdù,
níbi tí àwọn òyìnbó tó ń ṣe ọ̀nà pa ẹrù wọn tì sí.
Mẹ́ta ló wà níbẹ̀ nínú koríko.
Èyí àkọ́kọ́ gùn bí ìlà ìdìbò,
yàrá méjì, ibi ìdáná, ibùsùn tó fẹ̀ ju tèmi lọ.
Mo fọwọ́ pa á lára. Ọkàn mi kó sí i.
Lásísì dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀,
ó dìde, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò:
"Bàbá, ọrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n,
kí ẹ tó di ẹrù."

Èmi tí mo wọn ilẹ̀ fún odindi ìpínlẹ̀!

Ó ní kí n ka ohun tí a ó kó sínú rẹ̀.
Omi jẹ́ríkéènì mẹ́fà: ènìyàn méjì nìyẹn.
Gáàsì. Bátìrì. Àpótí ìwé mi.
Àti ọlọ ìyá Fẹ̀hìntọlá,
tó ní òun kò ní fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Mo takú. Mo ní ká dán èyí àárín wò.
Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí ìlú tó jí,
a so ó mọ́ ìdí Píjó píkọ́ọ̀pù mi,
a kọjú sí Òkè Mápó.
Píjó kígbe, ó húkọ́, ó gbìyànjú.
Ní ìdajì òkè, ó dúró bí ẹni tó gbàgbé nǹkan,
ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn.
Ilé wá ń fa ọkọ̀!
Mo tẹ búréèkì títí ẹsẹ̀ mi fi kú.
Lásísì fò sílẹ̀, ó ki òkúta bọ abẹ́ táyà.
Ìyá arúgbó kan fara ti ìgbálẹ̀ rẹ̀:
"Kí lẹ ṣe fún ilé náà tó fi ń lé yín?"

Fẹ̀hìntọlá ló yanjú ọ̀rọ̀.
Ó tẹ̀lé wa lọ sí ọgbà, ó wo èyí kékeré,
èyí tí kò ní táyà, tí ẹ̀yìn ọkọ̀ ń gbé.
"Ta ló ń wọ́ ọmọ nílẹ̀?" ni ó bi wá.
"Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ pọ̀n ọ́n."

Pípọ̀n náà ń fẹ́ ẹ̀yìn tó le.
Mo ta Píjó fún oníṣu kan ní Bódìjà.
Owó kò pé. Mo ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tí mo ní;
ẹni tó rà á bẹ̀ mí pé kí n bá òun wọ̀n ọ́n.
Mo wọ̀n ọ́n. N kò gba kọ́bọ̀.
Owó yẹn ló di Hílọ́ọ̀sì oní-dísù,
tí Lásísì fi sípíríǹgì kún sípíríǹgì rẹ̀,
tó gun Mápó lẹ́ẹ̀mejì láìmí gúlegúle.

Ọ̀nà wa àkọ́kọ́ kò jìnnà, etí omi Ẹlẹ́yẹlé ni.
Òjò dé lóru, ó kanlẹ̀kùn, ó kanlẹ̀kùn,
kò rí ẹní pín.
Wọ́n ní ilé làbọ̀ ìsinmi oko;
mo dùbúlẹ̀, mo ń ronú ibi tí à ń bọ̀ sí
nígbà tí ilé fúnra rẹ̀ bá lọ sóko.
Fẹ̀hìntọlá yí padà lójú oorun:
"Ṣé o ti ìlẹ̀kùn ilé?"
Mo ní, "Èwo?"